Ẹ Ṣòfin Fóònù, Ẹ Ò Ka Ìyá Mọ́ Ará Ilé

Dìde, Fọláránmi, dìde nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni mo wá gbà, kí o sì sọ fún ìyàwó rẹ kó gbé omi tútù yẹn kúrò níwájú mi, torí òùngbẹ kọ́ ló lé mi jáde nílé kí wọ́n tó gbálẹ̀ àárọ̀. Ṣé mo jọ ẹni tó wá kí yín ni? Wo ẹsẹ̀ mi. Bàtà ọ̀tún ò bá tòsì mu. Bí mo ṣe wọkọ̀ ní Ọ̀tan-Ilé nìyẹn, bí mo ṣe gba Ìbòkun kọjá nìyẹn, n ò mọ̀, àfìgbà tí mo sọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì Dàda Estate yìí tí mẹ́gáàdì yín ń wo ẹsẹ̀ mi dípò ojú mi.

O sì rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kúrò nínú mi, torí òun ló dùn mí jù. Mo pè ọ́ láàárọ̀ yìí, ohùn mi ti há, mo ní, "Fọláránmi, ọmọ dà?" o rẹ́rìn-ín sí mi létí, o ní, "Háà, Màámi, òfin ilé mà ni." Òfin ilé. Ilé ta ni?

Má sọ fún mi pé ẹ̀rín kọ́. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ ẹ̀rín rẹ. Ẹ̀rín tí o máa ń rín ní kékeré tí o bá fọ́ àwo, tí o fẹ́ kí n rò pé kò tó nǹkan, òun náà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwo lo fọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ṣé o mọ ohun tí ìrọ̀lẹ́ jẹ́ fún mi láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fi mí sílẹ̀? O ò mọ̀. Ta ni ì bá sọ fún ọ? Bí mo bá ti oko dé, tí mo kó kòkó tí mo sá wọlé tán, n ó ṣan ẹsẹ̀, n ó gun orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń dúró, n ó wá tẹ nọ́ńbà fóònù àlòkù tí ìyàwó rẹ fún Àdúràgbèmí. Ọmọ yẹn kì í jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, kí lẹ jẹ lónìí?" Èmi náà á pè é ní Àsàkẹ́ mi, n ó kì í díẹ̀, á ka Sáàmù kan fún mi, torí ojú mi ò rí ìwé mọ́, á sọ ẹni tó bá a jà ní kíláàsì, èmi á sọ fún un pé adìẹ wa ti pa ọmọ mẹ́sàn-án, pé àṣá ti gbé ọ̀kan. Ọdún kan àbọ̀ gbáko, a ò pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ. Ọmọ ọdún méjìlá ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ju ìwọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n lọ, n ò sì bá ọ jà sí i rí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó ní orí ń fọ́ òun. Ohùn rẹ̀ há. Mo ní kó lọ sùn, kó sọ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé mo gun àpáta, mo pè é, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo pe ìwọ, ó ń dún. Mo pe ìyàwó, ó ń dún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Ọjọ́rú, bákan náà. Lọ́jọ́bọ̀, n ò lè jẹun alẹ́, mo gbé àwo sílẹ̀ fún ajá.

O ní kí ni? O rí ìpè mi láàárọ̀, o sì pè mí padà? Ó dáa, aago mélòó lo pè mí padà? Aago mẹ́wàá. Fọláránmi, níbo ni ìyá rẹ máa ń wà ní aago mẹ́wàá àárọ̀? Oko ọ̀hún tí mo pọ̀n ọ́ lọ, tí o jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ dàgbà, nígbà wo ni nẹ́tíwọ̀kì dé ibẹ̀? O pè mí níbi tí o mọ̀ dájú pé n ò lè gbọ́, o wá fi ọkàn balẹ̀ lọ sí ọ̀fíìsì ìjọba pé o ti pe ìyá rẹ. Tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá rẹ ní sẹkitéríàtì, ṣé ó máa gbà pé o pe òun?

Òfin náà, ìyàwó rẹ ti kà á fún mi kí o tó jáde láti yàrá. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, ó fi bírò pupa fàlà sí i. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọmọ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù. Tí ó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fóònù gbogbo ará ilé, ti bàbá, ti ìyá, ti ọmọ, inú páálí bàtà ni, ó di aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò gbọ́dọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n bá ń jẹun. Ilé-ìwé ló pe ìpàdé òbí, wọ́n ní àwọn ọmọ ń tòògbé ní kíláàsì, pé kí ilé kọ̀ọ̀kan lọ kọ òfin tirẹ̀ wá. Ìwọ fọwọ́ sí i. Ìyàwó fọwọ́ sí i. Ọmọ fọwọ́ sí i. Tíṣà pàápàá fọwọ́ sí i.

Má ki ọ̀rọ̀ tí n ò sọ bọ̀ mí lẹ́nu. N ò sọ pé òfin burú. Ṣé èmi ni n ó ní kí ọmọ máa tẹ fóònù títí ojú rẹ̀ á fi wọnú? Mikail tó ń ta oògùn kòkó ládùúgbò wa, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ó ń wo fóònù lọ lójú ọ̀nà, ó rìn ṣàn-án wọ inú kòtò ṣaláńgá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, èmi yìí ni mo sáré lọ yá àkàbà. Tí ẹ bá ní kí ẹ ju gbogbo rẹ̀ sódò Ọ̀ṣun, n ó bá yín gbé apá kan.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ sọ fún tíṣà. Ẹ sọ fún mẹ́gáàdì kó má yá ọmọ ní fóònù. Ẹ sọ fún Salmah tó ń ta búrẹ́dì ní ojúde yìí pé kó má jẹ́ kó wo fóònù ní ìsọ̀ òun. Ìyàwó rẹ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó rò pé òfin náà ni òun ń yìn. Oníbúrẹ́dì gbọ́, ìyá ò gbọ́. Nígbà tí ẹ jókòó tí ẹ ń kọ ọ́, ṣé ẹnì kan nínú yín tiẹ̀ sọ pé, ìyá àgbàlagbà kan wà ní Ọ̀tan-Ilé o, tó máa ń pè nírọ̀lẹ́? Ẹnì kan péré?

Ọmọ sọ ọ́? Ó sọ ọ́, kí lẹ wá dá a lóhùn? Ẹ ní ìyá á gbọ́ tó bá yá. Ó mà ṣe o. Ọmọ ọdún méjìlá ló rántí mi, ẹ̀yin àgbà méjì tí ẹ kàwé jáde yunifásítì, ẹ ní tó bá yá. Ó ti yá báyìí. Mo ti gbọ́. Gbogbo Ọ̀tan-Ilé bá mi gbọ́.

Má wo aago. Wàá gbọ́ ti àná tán lónìí.

Àná, oòrùn ń wọ̀, mò ń kó kòkó wọlé. Ta ni mo rí lọ́ọ̀ọ́kán? Bàbá Ògúnjìnmí àti Bàbá Barnabas, àgbà ìjọ wa méjèèjì, aṣọ funfun lọ́rùn, ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sílé mi, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ń bọ̀. Fọláránmi, ọmọ Yorùbá ni ọ́ àbí kí ni ọ́? Ta ni wọ́n ń rán irú àgbà bẹ́ẹ̀ sí nírọ̀lẹ́? Nígbà tí nǹkan yẹn ṣe bàbá rẹ lọ́nà Iléṣà, ta ni wọ́n rán sí mi? Àgbà méjì. Kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dé? Ṣebí fóònù ló dákẹ́ ná. Odindi ọjọ́ kan, mò ń pè, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, a kì í sọ irú rẹ̀ fún abiyamọ lórí fóònù, àwọn tó mọ̀ á yẹra fún ìpè rẹ̀, àgbà á wá, wọ́n á ní kó jókòó. Ìwọ gan-an wà lára àwọn tí kò gbé ìpè mi lọ́jọ́ yẹn, o ò lè ní o ò mọ̀ ọ́n.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé omi, wọn ò mu. Bàbá Ògúnjìnmí ní, "Ìyá Fọláránmi, ẹ jókòó ná, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró." Mo jókòó lórí kòkó. Bàbá Barnabas wá húkọ́ díẹ̀, ó ní ohun tí Ọlọ́run bá ti yàn, ọmọ ènìyàn ò lè yẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo gbọ́ mọ nìyẹn. N ò jẹ́ kó sọ ìkejì.

Igbe tí mo ké, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ títí dé ojú ọjà. Mo ní orí ló ń fọ́ ọ, orí lásán ló ní ó ń fọ́ òun, wọn ò sì sọ fún mi. Mò ń yí nínú kòkó, gèlè mi lọ sí ibì kan, n ò tíì rí i di báyìí. Ẹ̀bùnọlá, ìyàwó ilé tó kángun sí tiwa, ló kọ́kọ́ gbá mi mú, ó ní ta ni, mo ní Àsàkẹ́ mi, òun náà bú sẹ́kún, àwọn obìnrin ya wọlé, ilé kún, ìta kún. O wá mọ ohun tó burú jù? Bàbá Barnabas náà ń sunkún. Baba rò pé mo ti gbọ́ ìròyìn kan kí àwọn tó dé ni. Bàbá Ògúnjìnmí dì mọ́ òpó, ó ń ní, "Ọlọ́run, kí la ṣe?" Kò sẹ́ni tó rántí bi ẹnì kejì rẹ̀ pé níbo lo ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀bùnọlá ló ní kí òun tiẹ̀ pè ọ́. Ó gun àpáta, ó pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó ń dún, ó ń dún, páálí bàtà ló ń pè. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò lè wojú mi. Ìgbà yẹn ló di òótọ́ lójú gbogbo ayé, torí kí ni bàbá ọmọ ń ṣe tí kò gbé fóònù, bí kì í bá ṣe nǹkan yẹn? Obìnrin mẹ́rìndínlógún ló sun ilẹ̀ yàrá mi, wọ́n kó ọ̀bẹ kúrò, wọ́n kó oògùn kòkó kúrò, kí n má bàa ṣe ara mi ní jàǹbá. Aago mẹ́fà lù, wọ́n fà mí lápá méjèèjì gun àpáta, Ẹ̀bùnọlá tẹ nọ́ńbà rẹ, o gbé e, mo ní ọmọ dà.

O rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí o pa ìpè tán ni Bàbá Barnabas wá súnmọ́ mi, ojú rẹ̀ wú, ó rọra sọ ohun tó gbé wọn wá. Ìyá Ìjọ. Wọ́n ti jókòó ní ìgbìmọ̀, wọ́n ní èmi ni Ọlọ́run yàn, wọ́n wá fi mí jẹ Ìyá Ìjọ. Ìdí tí wọ́n fi wọ funfun nìyẹn. Wọn ò mumi torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Fọláránmi, mo rí ẹnu rẹ o. Má dán an wò. Oyè tí bàbá rẹ gbàdúrà sí fún mi kó tó lọ, inú ẹkún ni mo ti gbọ́ ọ.

Kí lo ní? Pé gbogbo rẹ̀ ti parí, kí n jẹun? Kí ló parí? Wọ́n ti sunkún ọmọ rẹ. Wọ́n ti kí mi kú ara fẹ́ra kù lórí ọmọ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì nílé bàbá rẹ̀. Ṣé nǹkan tí à ń ṣe fún alààyè nìyẹn? Láti ìgbà tí mo ti wọkọ̀ ni mo ti ń tutọ́, tí mò ń ní kó má ṣẹ, kó má ṣẹ, ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ní kí n jọ̀wọ́ kí n máa tu ú síta.

Mo wá débí, mo ní ẹ pe ọmọ fún mi, ẹ ní kò sí nílé. Ó lọ ẹ̀kọ́ àfikún ọjọ́ Sátidé. Mo ní ẹ lọ mú un wá, ìyàwó ní wọn kì í yọ̀ǹda ọmọ kó tó di aago méjìlá, àfi tí òbí bá kọ ọ́ sórí wáàtsáàpù tíṣà, ó kọ ọ́, tíṣà ò dáhùn, torí òfin ilé-ìwé ní kí tíṣà náà ti fóònù mọ́ dúrọ́ọ̀ tó bá ń kọ́ ọmọ. Ṣé ẹ ń gbọ́ ara yín? N ò tíì rí i, Fọláránmi. Mo ti wà níbí láti aago mẹ́sàn-án, n ò tíì fojú kan ọmọ yẹn. Ẹ ní ó wà, ó wà, mo gbọ́. Àwọn àgbà tó mú mi lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ ti bàbá rẹ náà ní ó wà. Wọ́n ní ó ń mu ògì lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń béèrè mi. Wọ́n tàn mí débẹ̀ ni, kí n má bàa ṣubú lọ́nà. Kí ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fún mi lónìí? Ẹ̀rín rẹ? Wọ́n rín ẹ̀rín fún mi lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí. O ti gbọ́ ọ báyìí.

Àwọn ará Ọ̀tan-Ilé náà ò gbà gbọ́. Bí mo ṣe ń jáde, wọ́n ń wojú ara wọn, wọ́n rò pé o purọ́ fún mi kí n lè dé Òṣogbo láyọ̀. Kò sí ẹni tó lọ oko nínú wọn. Wọ́n ṣì jókòó sí ilé mi, Ẹ̀bùnọlá àti Bàbá Barnabas wà lẹ́bàá àpáta, wọ́n ń retí ìpè. Ìjẹ̀ṣà lo fi ṣe bàbá, o mọ òṣómàáló tó ń gba gbèsè. Òṣó ni mo ló sí pálọ̀ yín yìí, n ò ní kúrò, n ò ní jẹ, n ò ní mu, àfi tí o bá ṣe ohun tí mo fẹ́.

Gbé fóònù rẹ. Má bẹ̀ mí, gbé e. Pe Ẹ̀bùnọlá, ní kó gbé e fún Bàbá Barnabas. Fi ẹnu ara rẹ sọ fún un. Má sọ pé ara ọmọ yá, wọ́n ti gbọ́ irú ìyẹn rí. Má sọ pé òfin ilé ni. Dárúkọ ọmọ rẹ, kí o sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sunkún lé, ọ̀rọ̀ tí n ò tíì fi ẹnu mi sọ láti àná, kí o sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kí o má sì rẹ́rìn-ín.

Ó ń dún? Ẹn-ẹn, ẹnì kan gbé e. Kí Baba dáadáa, tìtorí rẹ ni wọ́n fi sunkún. Ó tó. Sọ ọ́ báyìí. Sọ ọ́ sókè, etí baba ò gbọ́ dáadáa. Àdúràgbèmí... ẹn-ẹn... Àdúràgbèmí kò...

Kò kí ni? Parí rẹ̀.

Parí rẹ̀, baba ń dúró.

Kò ṣeé sọ, àbí? Orúkọ ọmọ rẹ àti ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu rẹ kọ̀ láti gbé wọn pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, Àkànó ọmọ mi, ní ojúmọmọ, nínú pálọ̀ rẹ, o mọ̀ pé ọmọ wà ní ilé-ìwé. Èmi gbé e sùn mọ́jú, n ò mọ̀.

Ó tó, gbé fóònù yẹn fún mi. Bàbá Barnabas, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má gba ẹkún rẹ̀ sí nǹkan mìíràn, ara rẹ̀ ló ń sunkún fún. Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n lọ, ohùn ọmọ fúnra rẹ̀ lẹ máa gbọ́, kò ní pẹ́. Ẹ ṣé sà.

Nu ojú rẹ. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dà? Rárá, n ò ní dúró de aago méjìlá, a jọ ń lọ ni, pẹ̀lú bàtà mi bó ṣe wà yìí. Tí wọ́n bá ní òfin ò gbà kí ọmọ jáde, ìwọ má sọ̀rọ̀, dúró sẹ́yìn. Èmi ni n ó sọ fún wọn pé ẹni tí ẹ ò kọ sínú òfin ló wá mú ọmọ rẹ̀.